Mọ́mì Láàárín Àwọn Ère

Bí ìyá yín bá wá kí yín nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mú wọn lọ sọ́jà, ẹ mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ sì mú wọn padà sílé. Èmi tí mo fẹ́ ṣe ọ̀làjú, Yorkshire Sculpture Park ni mo kó gbogbo ilé lọ.

Ìtòsí ìlú Wakefield ló wà. Pápá ẹ́kà 500 ni, láti 1977 ni wọ́n ti ń to ère síbẹ̀, kò sí òrùlé, kò sí ògiri. Òjò ń pa ère, òjò ń pa wá. Mọ́mì wò yíká, wọ́n ní, "Délé, kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi lé wọn jáde nílé?"

Ère tí Henry Moore, oníṣẹ́ ère ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe la kọ́kọ́ yà wò. Idẹ ni, méjì, wọ́n tóbi, ihò ràbàtà sì wà láàárín wọn.

"Kí ló jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Mọ́mì, ihò yẹn gan-an niṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣé owó ihò wà nínú owó tí wọ́n san?

Àgùntàn kan dé, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ha idẹ olówó iyebíye yìí, ẹnikẹ́ni ò wí nǹkan kan. Moore fúnra rẹ̀ fẹ́ràn kí àgùntàn máa jẹko nídìí iṣẹ́ òun. Ọmọ mi ní kóun náà gun ère, mo fà á lápá: wọn kì í gùn ún. Inú bí Mọ́mì. "Àgùntàn ń fara yí i, ọmọ-ọmọ mi ò gbọdọ̀ gùn ún?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì. Àgùntàn ti ní ìwé ìgbélùú. Tiwa ṣì wà lórí tábìlì wọn."

Ère aboyún tí Damien Hirst ṣe ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Mítà 10 ni gíga rẹ̀, kò wọ nǹkan kan, wọ́n sì ti bó awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ̀ ń wo ọmọ inú rẹ̀ kedere. Ìyàwó mi sáré fọwọ́ bo ojú àwọn ọmọ. Ọwọ́ méjì, ọmọ mẹ́ta. Mọ́mì ò sọ̀rọ̀. Wọ́n bọ́ ìborùn èjìká wọn, wọ́n wò ó, wọ́n gbójú sókè wo obìnrin yẹn, wọ́n dá ìborùn padà séjìká.

"Kò ní ká a."

Ère ẹbí tí Barbara Hepworth, ọmọ Wakefield gan-an, ṣe ní 1970 ni Mọ́mì fẹ́ràn. Mẹ́sàn-án ni wọ́n lórí òkè: baba ńlá, òbí, ìyàwó, ọkọ ìyàwó àti àwọn yòókù, gbogbo wọn dúró gbagidi. Mọ́mì tẹríba díẹ̀. "Ẹ kú ìdúró o." Wọ́n dúró de èsì. "Ẹbí kan náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, wọn ò dá àlejò lóhùn. Àbí àwọn ará ilé ẹ̀gbẹ́ yín nìyí?"

Kí n lè tù wọ́n nínú, mo ní Yinka Shonibare, ọmọ wa tó dàgbà l'Ékòó, ti kó ère aláńkárá wá síbí ní 2013, àmọ́ wọn ò lórí.

"Níbo ni wọ́n wé gèlè sí?"

Ló bá di dandan kí n ya Mọ́mì ní fọ́tò láàárín ẹbí yẹn, kí ayé rí aláńkárá tó lórí. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ya fọ́tò: apá mọ́ra, ojú le, wọn kì í tiẹ̀ mí. Mo ṣì ń tún fóònù gbé nígbà tí tọkọtaya Òyìnbó kan fa ajá wọn dé. Ọkùnrin yẹn wo gèlè títí, ó mi orí, ó wá bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Mọ́mì, ó ń wá orúkọ ẹni tó ṣe é.

"Ẹ kú ìbẹ̀rẹ̀ o," ni ère wí.

Ajá ló kọ́kọ́ sá.