Fẹ́ńsì kan, ilé ìwé mẹ́ta, kálukú ló ń dá ra nǹkan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Ẹ wọ ọgbà ilé ìwé ìjọba ní Mushin, Surulere tàbí Ṣómólú, ẹ ó rí géètì kan àmọ́ ilé ìwé méjì mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, júníọ̀ ní prínsípà tiẹ̀, síníọ̀ ní tiẹ̀, kálukú ń wá owó jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀, bóhóòlù tiẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tiẹ̀. Mo mọ ibì kan tí síníọ̀ ní lábù, tí tíṣà júníọ̀ wá ń ya bíkà sójú bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ, ògiri kan péré ló wà láàárín wọn o! Kí ló dé?

Àwọn àyálégbé inú face-me-I-face-you gan-an máa ń dáwó jọ ra pọ́ǹpù omi kan.

Ní New York, ní Amẹ́ríkà, láti 1948 ni òfin ti wà tó jẹ́ káwọn dísíríìtì ilé ìwé, ìyẹn àwọn àgbègbè tó ń bójú tó ilé ìwé wọn fúnra wọn, pawọ́ pọ̀, BOCES ni wọ́n ń pè é, 37 ló wà báyìí. Dísíríìtì tí ọmọ ẹ̀ ò pọ̀ ò lè dá gba tíṣà àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀, wọ́n á jọ gbà á ni. Iṣẹ́ ọwọ́ bíi mẹkáníìkì àti wẹ́dà náà ńkọ́, bọ́ọ̀sì á gbé àwọn ọmọ láti sùkúù wọn lọ síbi tí wọ́n ti jọ ń kọ́ ọ, á tún gbé wọn padà. Dísíríìtì ló máa mú èyí tó bá fẹ́, ìjọba ìpínlẹ̀ á wá dá apá kan owó ẹ̀ padà fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Owó àdápadà yẹn gan-an ló wù mí, torí prínsípà wo ló máa fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ lábù ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíì tí ò bá rí nǹkan kan gbà níbẹ̀?

Education District mẹ́fà ni Èkó ní, àmọ́ sẹ́kọ́ńdírì ló wà lábẹ́ wọn, ọ̀dọ̀ SUBEB, ìgbìmọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, ni ti praímárì, torí náà tí praímárì àti sẹ́kọ́ńdírì tó wà nínú ọgbà kan bá tiẹ̀ fẹ́ jọ ra nǹkan, ọ́fíìsì méjì ni fáìlì máa lọ. Ìyẹn ló yẹ kí ìjọba tún ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "ẹ jọ lò ó" gba tíṣà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, kí tíṣà máàtì kan máa sáré kiri ilé ìwé mẹ́ta. Àwọn àgbà wa ò tíì gbàgbé ìgbà tí ọmọ kan ń lọ láàárọ̀ tí òmíì ń lọ lọ́sàn-án, kí Jákàńdé tó dé ní 1979 tó kọ́ kíláàsì rẹpẹtẹ. Àkókò àwọn ọmọ ni wọ́n ń pín nígbà yẹn, mi ò fẹ́ kí ìyẹn padà wá.

Nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ní síkúlà (sickle cell), ọmọ tó ní ásímà, ìyá wọn lọ́jà ni tíṣà ń pè tí nǹkan bá dé, pẹ̀lú gó-síló Èkó yìí. Nọ́ọ̀sì kan, yàrá kan, kọ́bọ́ọ̀dù òògùn kan fún gbogbo ọgbà, ìyẹn ò pọ̀ jù. Kí PTA ilé ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó pọ̀ kí tọ́ọ̀mù tuntun tó wọlé, kí wọ́n kọ lẹ́tà kan ṣoṣo, káwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sáìn ín.