Àwọn Tó Ń Ti Orí Àga Gbá Bọ́ọ̀lù

Tí oṣù kẹwàá bá ti wọlé ní Amẹ́ríkà, ẹ má bá àwọn kan ṣàwàdà. Oorun kì í kùn wọ́n, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn, ìyàwó á bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dáhùn "hẹ̀n-ẹ́n". Wọn kò jẹ gbèsè, ara wọn sì le koko. Ìdíje àṣekágbá béèsìbọ́ọ̀lù ló dé.

Fún ẹni tí kò bá wò ó rí: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fẹ́ fi igi gbá a, àwọn tó kù á dúró káàkiri pápá, wọ́n á máa jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù. Abala mẹ́sàn-án ni. Tí wọ́n bá ṣì wà ní ọ̀mì lẹ́yìn ìkẹsàn-án, wọ́n á máa gbá a lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Dodgers ti Los Angeles àti Blue Jays ti Toronto gbá a dé abala kejìdínlógún, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 39, kí Freddie Freeman tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, tó sì dá àwọn ènìyàn sílẹ̀ kí wọ́n lọ sùn. Aago mẹ́ta òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù ní Toronto. Ní Ìbàdàn níbí, àwọn ọmọ ti wọ aṣọ ilé ìwé. Eré kan ṣoṣo nìyẹn o. Ó lè tó méje, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ife. Ẹ wá ṣírò iye alẹ́ tí àyà ọmọ ènìyàn á fi máa já.

Ṣùgbọ́n n kò káàánú wọn, nítorí pé ìjayà yìí ti di oge. Láyé ìsinsìnyí, ojúlówó olólùfẹ́ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta pé ẹgbẹ́ òun á borí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ àná ni. Ohun tí àwọn àgbà inú wọn ń sọ ni pé, "A ti kú." Ẹgbẹ́ wọn ń fi márùn-ún síwájú: a ti kú. Wọ́n ti borí nínú eré mẹ́ta àkọ́kọ́: ẹ dúró ná, ẹ ò mọ àwọn ọmọ yìí ni. Ẹ wá yẹ ìdí ọ̀rọ̀ wò. Ẹni tó ní àwọn ti kú yìí ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́ nítorí ọjọ́ ìwọ́de ayọ̀. Ó ti ra fìlà tuntun, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ire má baà rí i kó sá.

Àwọn tó kàwé jù láàárín wọn ní ìṣirò làwọn ń tẹ̀ lé ní tiwọn. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn tó ń sọ, lẹ́yìn bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìdá tí ẹgbẹ́ wọn ní nínú ọgọ́rùn-ún láti borí. Tí fóònù bá ní 90, mẹ́wàá tó ṣẹ́kù ni wọ́n á tẹjú mọ́, òógùn á bò wọ́n. Tó bá já wálẹ̀ sí mẹ́ta, wọ́n á nàka sókè: mẹ́ta kì í ṣe òdo o! Ìṣirò wo nìyẹn, tó ń dẹ́rù bani nígbà tí nǹkan bá dára, tó sì ń fọkàn ẹni balẹ̀ nígbà tí ilé ti wó?

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Chicago, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, díákónì pọ́ńbélé. Cubs ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 2016 tí Cubs àti Cleveland wàákò nínú àṣekágbá, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti borí lẹ́ẹ̀mẹta, èmi jí fún àdúrà ìdájí, mo sì rí èsì eré keje lórí fóònù: Cubs 6, Cleveland 3, ó ti di abala kẹjọ. Inú mi dùn sí i, mo pè é.

"Díákónì, kú oríire o! Mo rí i pé ẹ ti ń nà wọ́n."

Kẹ́kẹ́ pa. Ó wá ní, "Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ta ni ìbá rán mi? Mo ní kú oríire ni."

"Dá a padà."

"Kí ni kí n dá padà?"

"Kú oríire yẹn! Dá a padà kíá!"

Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá oríire padà, Rajai Davis ti Cleveland ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri, èsì ti di 6-6, fóònù sì ti kú sí mi létí. Títí di òní, Díákónì gbà pé ẹnu mi ló gbá bọ́ọ̀lù yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ló padà tú àṣírí fún mi: ìbọ̀sẹ̀ búlúù kan wà lẹ́sẹ̀ ọkọ òun tí omi kò kàn látìgbà tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀, àga kan náà ló ń jókòó lé, àbúrò òun tó wá kí wọn láti Texas, kíṣìnnì ni wọ́n ní kó wà, torí pé Cubs borí nígbà kan tó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ìyá ìyàwó nìkan ni wọn kò rí ibi tò sí. Díákónì yìí kan náà ló máa ń pe Ìjẹ̀bú-Igbó lórí fóònù pé kí àwọn ẹbí kó gbogbo ońdè bàbá àgbà dà sódò.

Lẹ́yìn abala kẹsàn-án, òjò dé ní Cleveland. Ìṣẹ́jú 17 péré ni wọ́n fi dá eré dúró. Jason Heyward ti Cubs kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú yàrá kan, ó bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n jáde, Ben Zobrist gbá bọ́ọ̀lù tó fi mú wọn síwájú, ó sì parí sí 8-7. Ife àkọ́kọ́ tí Cubs gbà láti ọdún 1908 nìyẹn. Ẹ bi Díákónì léèrè ohun tó fà á. Ìbọ̀sẹ̀ ni.

Ẹ má sì rò pé òun ló burú jù ní ìlú yẹn. Lọ́dún 1945, Billy Sianis tó ní ilé ọtí mú ewúrẹ́ rẹ̀ lọ wo àṣekágbá ní pápá Wrigley Field. Ewúrẹ́ ní tíkẹ́ẹ̀tì o. Wọ́n lé e jáde, wọ́n ní ó ń rùn. Ìtàn ní inú bí ọkùnrin náà, ó sì fi ẹgbẹ́ Cubs gégùn-ún. Cubs pàdánù ife yẹn sọ́wọ́ Detroit, láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹ̀bi ti di ti ewúrẹ́. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù nù: ewúrẹ́. Wọ́n fowó ńlá ra ẹni tí kò mọ igi í mú: ewúrẹ́. Bẹ́ẹ̀, Cubs ti lo ọdún 37 láìgba ife kí ewúrẹ́ tó débẹ̀, bóyá wọn kò tilẹ̀ tíì bí ìyá ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ti ọdún 1908.

Oṣù kẹwàá ọdún 2003 ló wá le jù. Cubs ń fi 3-0 na Marlins ti Florida. Ẹni márùn-ún péré ló kù kí wọ́n lé kúrò nídìí igi, kí wọ́n sì wọ àṣekágbá. Bọ́ọ̀lù kan fò lọ sápá ibi tí àwọn òǹwòran wà, Moisés Alou ti Cubs fò sókè láti hán an, òǹwòran kan nawọ́, bọ́ọ̀lù bọ́. Kí abala náà tó parí, Marlins ti kó mẹ́jọ jọ. Nínú abala yìí kan náà, Alex Gonzalez tí Cubs ń sanwó oṣù fún jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wẹ́rẹ́ kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló rántí ìyẹn? Òǹwòran ni ìlú kọjú sí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ló yọ ọ́ jáde kí wọ́n má baà lù ú pa.

Ilé oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Harry Caray's ra bọ́ọ̀lù náà ní gbàǹjo, 113,824 dọ́là. Ní oṣù kejì ọdún 2004, wọ́n pe èrò jọ, wọ́n fi ohun abúgbàù fọ́ ọ yángá. Kò tó wọn. Lọ́dún 2005, wọ́n kó àfọ́kù rẹ̀ sínú ìkòkò, wọ́n sè é, wọ́n gba oru rẹ̀, oru di omi, wọ́n da omi náà sínú ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń jẹ pasita, àwọn ọmọ ènìyàn sì jókòó tì í, wọ́n jẹ ẹ́. Mo ti gbọ́ nípa oríṣiríṣi àsèjẹ láyé mi. N kò tíì gbọ́ èyí tí èròjà rẹ̀ ná ènìyàn ní 113,824 dọ́là kí wọ́n tó gbé e kaná. Kò sì jẹ́: lọ́dún 2008, àlùfáà kan tún ní láti wá wọ́n omi mímọ́ sí ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Cubs ń jókòó, Dodgers sì nà wọ́n ní eré mẹ́ta sí òdo. Lọ́dún 2013, ẹnì kan di orí ewúrẹ́ sínú páálí, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ẹgbẹ́ ní Wrigley Field. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìdárayá.

Mo ro ọ̀rọ̀ òǹwòran yẹn títí, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí àrùn yìí. Kí ló dé tí wọ́n fi dá ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, tí wọ́n fi ẹni tó ń gbowó sílẹ̀? Torí pé nínú ọkàn wọn lọ́hùn-ún, òǹwòran ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ ni "a ti kú" yẹn. Ẹni tó gbà pé bí òun bá yí ìdí padà lórí àga ní Chicago, apá ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù á rọ ní Los Angeles, ìgbéraga wo ló tún kù? Ó ti sọ ara rẹ̀ di agbábọ́ọ̀lù kẹwàá nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án. Shohei Ohtani ti Dodgers fọwọ́ sí ìwé àdéhùn 700 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún mẹ́wàá. Agbábọ́ọ̀lù kẹwàá ní tirẹ̀ ń sanwó wọlé, ó ń ra ọtí, ó sì ń ru ẹ̀bi lọ sílé.

Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ ní kí n wo ilé ara mi. Lóòótọ́, tí Super Eagles bá ń gbá pẹnáritì, àwọn àgbàlagbà tí mo bọ̀wọ̀ fún máa ń kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n àwa kì í bínú sí ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní orúkọ tó ń jẹ́.

Àwọn ará New York àti Boston náà ń bẹ. Nígbà tí Yankees ti New York ń kọ́ pápá tuntun, òṣìṣẹ́ kan tó fẹ́ràn Red Sox ti Boston ri aṣọ David Ortiz, agbábọ́ọ̀lù Red Sox, mọ́ inú kọnkéré kí ilé náà má baà ṣoríire. Ẹ ò rí i pé ọ̀ràn ìpìlẹ̀ kì í ṣe ti Ìjẹ̀bú nìkan? Yankees gbọ́. Ẹgbẹ́ tó lówó jù nínú béèsìbọ́ọ̀lù nígbà náà, dípò kí wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n fọ́ kọnkéré, wọ́n hú aṣọ náà jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2008. Wọ́n gbé e lu gbàǹjo fún àánú, ó pa 175,100 dọ́là. Lọ́dún 2009 tí wọ́n kọ́kọ́ lo pápá yẹn, wọ́n gba ife, ẹnu gbogbo aláìgbàgbọ́ sì wọhò.

Boston fúnra wọn ti jìyà ọdún 86, láti 1918 títí di 2004. Wọ́n ní torí pé wọ́n ta Babe Ruth, àgbà agbábọ́ọ̀lù wọn, fún Yankees ni. Lọ́dún 2002, àwọn òmùwẹ̀ wọ adágún kan ní Sudbury lọ wá dùùrù tí wọ́n ní Ruth sọ sómi nígbà ayé rẹ̀, pé bí wọ́n bá yọ ọ́ jáde, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́, ègún á ká. Wọn kò rí dùùrù. Ní ọdún 2004, nínú ìdíje tó ṣíwájú àṣekágbá, Yankees ti nà wọ́n ní eré mẹ́ta sí òdo, ìkẹta yẹn tilẹ̀ jẹ́ 19-8, ìtìjú gbáà. Nínú eré kẹrin, abala kẹsàn-án, tí Mariano Rivera ti Yankees fẹ́ pa iná ọ̀rọ̀ náà, Boston rán Dave Roberts wọlé kó wá sáré. Gbogbo ayé mọ̀ pé ó fẹ́ jí ọ̀nà, ìyẹn ni pé ó fẹ́ sá lọ sí ibùdó tó kàn láìdúró de ẹni tó mú igi. Ó jí i. Bill Mueller gbá bọ́ọ̀lù, Roberts sáré délé, èsì di ọ̀mì, nígbà tó di abala kejìlá Ortiz parí iṣẹ́, Red Sox sì borí nínú eré mẹ́rin tẹ̀léra wọn, ohun tí ẹgbẹ́ kankan kò ṣe rí nínú béèsìbọ́ọ̀lù. Dùùrù ṣì wà nínú omi, bó bá wà níbẹ̀ rárá. Ẹsẹ̀ Roberts ló ṣiṣẹ́. Ẹ máa lọ sọ ìyẹn ní ilé ọtí kan ní Boston, kí ẹ gbọ́ iye ènìyàn tó máa ní fìlà tí òun dojú rẹ̀ délẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni.

Lẹ́yìn ife ọdún 2004, Boston ti gba mẹ́ta sí i, ìkẹyìn ní 2018. Ìjayà kò sì kúrò. Ó ti wá ń dà bíi pé òun gan-an ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ife.

Roberts yẹn kan náà ló ń darí Dodgers lónìí. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní Toronto fún eré keje. Blue Jays ń fi 4-3 síwájú ní abala kẹsàn-án, ẹni méjì péré ló kù kí wọ́n lé, ife àkọ́kọ́ láti ọdún 1993 ti ń rùn sí wọn nímú. Miguel Rojas, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀rù, gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri. Ní abala kọkànlá, Will Smith náà gbá tirẹ̀, ó parí sí 5-4. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀ nílé kọ̀ọ̀kan ní Toronto. Ẹnì kan ló dìde lọ tọ̀ nígbà tí Rojas gbé igi. Wọ́n ṣì ń wá a.