641 pín 4,294,967,297 géérégé
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín pé kò sí nọ́ńbà tó lè pín 4,294,967,297 láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 641 pín in wò: 6,700,417 géérégé! Bó bá ń ṣe yín bí iyèméjì, ẹ ro 4,020,250,200 (ìlọ́po 600) pọ̀ mọ́ 268,016,680 (ìlọ́po 40), kí ẹ wá fi 6,700,417 kan ṣoṣo lé e. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, náà rò bíi tiyín, torí pé 3, 5, 17, 257 àti 65,537, tó ṣáájú rẹ̀ lórí ìlà kan náà (2, 4, 16, 256 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi èyí tó ṣáájú sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ká wá fi 1 kún ìkọ̀ọ̀kan), kò ṣeé pín lóòótọ́. Ọdún 1732 ni Euler, onímọ̀ ìṣirò mìíràn, gbé 641 jáde, láìsí kọ̀ǹpútà o.