Ṣé kí wọ́n má jẹ́ kí lobẹ́ẹ̀dì gba ọ̀nà Ẹfọ̀n lọ́sàn-án mọ́?

Ọmọ Olókè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láàárọ̀ òní, lobẹ́ẹ̀dì kan, ìyẹn tírélà ẹlẹ́yìn pẹrẹsẹ tó ń gbé ẹrù ńlá, gbé katapílà, ó há sí kọ́nà kan lẹ́yìn Ìta-Awúrè, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè lọ sí Ẹfọ̀n-Alààyè. Ẹrù náà fẹ̀ débi pé ó gba ọwọ́ tirẹ̀, ó tún wọ ọwọ́ kejì díẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan ń sọ̀ bọ̀ látòkè, kò fẹ́ dúró. Lobẹ́ẹ̀dì yà fún un, ni táyà ẹ̀yìn bá wọ gọ́tà. A wà níbẹ̀ títí oòrùn fi kàtàrí. Aboyún kan wà nínú mọ́tò wa. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kò yẹ kí ìjọba pàṣẹ pé òru nìkan ni kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa gba ọ̀nà òkè yẹn?

Ìyá Ìbejì Adó: Aboyún náà ńkọ́? Ṣé ó délé láyọ̀?

Gbénga Fọkanáísà: Paraga ni gbogbo awakọ̀ tírélà ń mu. Kí wọ́n gba ìwé ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó parí.

Awakọ̀ Ogèrè: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Òru kẹ̀? Wáyà iná tó rọ̀ sórí títì láwọn ìlú kéékèèké, ta ni yóò rí i lóru? Lójú ọ̀sán gan-an, mọ́tò bọ́ì mi ló máa ń gorí ẹrù pẹ̀lú ọ̀pá oparun, tí yóò fi gbé wáyà sókè kí orí katapílà lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọ ọlọ́mọ ni o! Ṣé inú òkùnkùn lẹ fẹ́ kó ti máa ṣe ìyẹn?

Ọwọ́ kan títì yẹn kò tó mítà 4. Katapílà ńlá fẹ̀ ní mítà 3, òmíràn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo àyè tó ṣẹ́ kù fún mi lọ́tùn-ún àti lósì. Bí mo bá ń gun òkè, mi ò gbọdọ̀ dúró, torí ẹrù náà yóò máa fà mí padà sẹ́yìn, àfi kí mọ́tò bọ́ì bẹ́ sílẹ̀ kó lọ fi igi há táyà. Bí mo bá sì ń sọ̀, orí òkè ni mo ti gbọ́dọ̀ fi í sí jíà kékeré, nítorí bíréèkì tí mo bá ń tẹ̀ ṣáá yóò gbóná, kò ní mú mọ́. Dírẹ́bà tó wà ní ìdí stíárìn yẹn, ọrùn rẹ̀ ń ro ó, apá rẹ̀ ń ro ó, ojú rẹ̀ kò kúrò lára díńgí. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ó ń ṣépè fún un. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni ìdààmú wa gan-an, torí kò sí ẹni tó sọ fún un pé a wà lẹ́yìn kọ́nà.

Gbénga Fọkanáísà: Ẹ ò tíì dáhùn ọ̀rọ̀ paraga.

Awakọ̀ Ogèrè: Mi ò mu ún rí láyé mi. Ó tán?

Ará Peckham: Lọ́dọ̀ wa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbí, bí ẹrù bá fẹ̀ ju mítà 2.9 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 2 kí ẹ tó gbéra. Tó bá ju mítà 3.5 lọ, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé dírẹ́bà tí yóò máa bá a ṣọ́nà. Tó bá wá ju mítà 5 lọ, ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà. Kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé?

Ìyá Ìbejì Adó: Ẹ̀yin ará ìlú òyìnbó ti tún dé. Ọ̀nà tẹ̀yin ń gbà, ṣé bákan náà ló rí pẹ̀lú tiwa?

Ará Peckham: Mà, ọ̀nà tóóró pọ̀ níbí o. Àwọn abúlé kan wà tí mọ́tò kékeré 2 kò lè pàdé níbẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan yà.

Awakọ̀ Ogèrè: Ohun tí Ará Peckham sọ yẹn dára. Ká ní mọ́tò kékeré kan ṣáájú lobẹ́ẹ̀dì yẹn pẹ̀lú àsíá pupa, bọ́ọ̀sì náà ì bá ti mọ̀ kó tó yọ sí kọ́nà. Ẹni tó ni ẹrù ni kì í fẹ́ sanwó rẹ̀. Wọ́n á ní kí n tan iná, kí n rọra máa lọ.

Ọmọ Ìkìrè Pọ́ńbélé: Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa há sí Ìkìrè lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá dúró fún wákàtí 3 á rí dòdò jẹ. 😂

Ìyá Ìbejì Adó: 😂😂 Èló ni wọ́n ń ta á báyìí?

Ọmọ Ìkìrè Pọ́ńbélé: Ẹ wá sí inbox, mà. Ìyá mi ló ń dín in.

Baba Ráṣídì: Ẹ fi dòdò sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí là ń sọ. Fífẹ̀ ẹrù kọ́ ni wàhálà, bí wọ́n ṣe dè é ni. Kọ̀nténà tí wọn ò bá tì mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ́nà kan ṣoṣo ló ń dúró dè. Ẹ ò rántí Ojúẹ̀lẹ́gbà? Kọ̀nténà já bọ́ látorí afárá, ó pa èèyàn 3.

Ọmọ Sùúrùlérè: Èèyàn 9 ni. Bọ́ọ̀sì èrò ló wó lé. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ béèrè.

Baba Ráṣídì: Èèyàn 3. Jíìpù ló wó lé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Èkó ni mo wà nígbà náà.

Ọmọ Sùúrùlérè: Oṣù Kìíní 2023! Ọjọ́ Sunday ni! Àwọn ọmọdé wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn. Ẹ má fi òkú àwọn ọmọ ọlọ́mọ ṣe 3.

Baba Ráṣídì: Ta ló fi òkú ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan? Ìwọ ọmọ yìí, bóyá mo bí irú ẹ nílé. 2015 ni mo sọ.

Túnjí Móníyà: Reluwé ni ọ̀rọ̀ yìí. Láti 2021 ni reluwé tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn. Kí wọ́n kó gbogbo ẹrù wúwo sínú ẹ̀.

Ọmọ Olókè: Ẹ̀gbọ́n, irin reluwé yẹn kò dé Èkìtì. Bó bá gbé katapílà dé Ìbàdàn, kí ni yóò gbé e dé Adó?

Olùkọ́ Àkúrẹ́: Baba Ráṣídì àti Ọmọ Sùúrùlérè, ọ̀tọ̀ ni ti 2015, ọ̀tọ̀ ni ti 2023. Ibì kan náà ni, ìgbà 2. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre.

Ọmọ Sùúrùlérè: Mi ò sọ pé ti 2015 kò ṣẹlẹ̀. Mo ní èèyàn 9 ló kú.

Baba Ráṣídì: Olùkọ́, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ti Ojúẹ̀lẹ́gbà. Èmi ni mo mọ èyí tí mò ń sọ. Ṣe ló já wọ ọ̀rọ̀ mi.

Olùkọ́ Àkúrẹ́: Ó dáa, sà. Èyí tó ká mi lára jù ni títì fúnra rẹ̀. Òfin ECOWAS ti 2012 ní ìwọ̀n tí ọ̀pá táyà kan, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, lè gbé, tọ́ọ̀nù 11.5 ni. Ẹrù tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fọ́ ọ̀dà lábẹ́ ara rẹ̀. Òjò á rọ̀ sí ojú ibi tó fọ́, á di kòtò. Lobẹ́ẹ̀dì tó ń bọ̀ lẹ́yìn á yà fún kòtò náà, á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Gbénga Fọkanáísà: Paraga ń fọ́ ọ̀dà náà?

Awakọ̀ Ogèrè: Ọmọ Olókè, ṣé wọ́n ti yọ ọkọ̀ yẹn? Bí ẹ bá ṣì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fa lobẹ́ẹ̀dì tòun ti ẹrù lórí o. Á dojú dé. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi nǹkan há táyà tó kù, kí wọ́n tú ṣéènì, kí ọ̀pérétọ̀ rọra wa katapílà náà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá ti délẹ̀, katapílà náà ni yóò fi ọwọ́ rẹ̀ fa lobẹ́ẹ̀dì jáde. Kí wọ́n lé gbogbo èrò jìnnà. Ṣéènì tó bá já lè gé èèyàn sí méjì.

Ọmọ Olókè: Bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Èrò ò kàn lọ. Fóònù ni wọ́n gbé dání. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sán àbí òru?

Túnjí Móníyà: RELUWÉ.

Ìyá Ìbejì Adó: Mọ́tò bọ́ì tó ń gorí ẹrù lọ gbé wáyà yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni?

Awakọ̀ Ogèrè: Ó ti lé ní ogún ọdún, mà. Àbúrò ìyàwó mi ni. Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà fún un, kì í fẹ́ wọ̀ ọ́, ó ní ọ̀pá ń yọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì Adó: Kó wọ̀ ọ́! Ẹ sọ fún un pé ìyá kan ní Adó ní kó wọ̀ ọ́!

Ọmọ Sùúrùlérè: Mo ti wá fọ́tò 2023 jáde. Ta ló fẹ́ rí i?

Ará Peckham: Má fi òkú sórí ibí, jọ̀ọ́.

Ọmọ Sùúrùlérè: Kì í ṣe òkú. Afárá ni. Baba Ráṣídì, ẹ wò ó.

Baba Ráṣídì: Mi ò wo nǹkan kan. 2015 ni mo sọ, jíìpù ni, èèyàn 3 ni. Bó o bá ní ti 2023, lọ dá tìrẹ sílẹ̀ níbòmíì kó o máa sọ ọ́.

Túnjí Móníyà: RELUWÉ NI O! Kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn!

Ọmọ Sùúrùlérè: Èèyàn 9, Baba Ráṣídì. MẸ́SÀN-ÁN.