Ṣé dandan ni ká rí ohun tó pín nọ́ńbà ká tó mọ̀ pé ó ṣeé pín?

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé ẹni tó bá sọ pé nọ́ńbà kan kì í ṣe práìmù (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in dọ́gba) gbọ́dọ̀ nàka sí nọ́ńbà tó pín in dọ́gba. Bí kò bá rí i fi hàn, a ó ní ẹnu lásán ló ń fọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé náà nìyẹn: fi 2 pín in wò, fi 3 pín in wò, 5, 7, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dára fún nọ́ńbà kéékèèké. Ṣùgbọ́n pé ọ̀nà mìíràn kò sí, irọ́ gbuu ni.

Ẹ wo 91, tó máa ń tan èèyàn jẹ. Láti 1640 ni Pierre de Fermat, ará Faransé, ti sọ pé bí p bá jẹ́ práìmù tó ju 2 lọ, tí a kọ 2 sílẹ̀ ní ìgbà p dín 1, tí a sọ gbogbo wọn di púpọ̀ mọ́ra wọn, tí a wá fi p pín èsì rẹ̀, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Bí 91 bá jẹ́ práìmù lóòótọ́, 2⁹⁰ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku 1.

2¹² jẹ́ 4,096. 91 lọ́nà 45 jẹ́ 4,095. Ó ṣẹ́ku 1. Nítorí náà, ibikíbi tí 2¹² bá ti yọjú nínú 2⁹⁰, 1 la ó fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ló yọjú, ó wá ku 2⁶, ìyẹn 64. 64 kì í ṣe 1, ẹjọ́ ti parí: 91 kì í ṣe práìmù. A ò sì tíì dárúkọ 7 tàbí 13 tó pín in rárá!

(Ẹ má dojú ẹ̀ délẹ̀ o. Pé 1 ṣẹ́kù kò sọ nọ́ńbà di práìmù. 341 náà ń ṣẹ́ku 1, bẹ́ẹ̀ 11 lọ́nà 31 ni.)

Ibi tó ti dùn jù ni 2⁶⁷ dín 1, ìyẹn 147,573,952,589,676,412,927. Ní 1644, àlùfáà Marin Mersenne kà á mọ́ àwọn práìmù. Ní 1876, Édouard Lucas fi ìdánwò tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀ fi hàn pé kì í ṣe práìmù. Kí ló wá pín in? Lucas ò mọ̀. Oṣù Kẹwàá 1903 ni Frank Nelson Cole tó dìde níwájú àwọn onímọ̀ ìṣirò ní New York, tó kọ 193,707,721 lọ́nà 761,838,257,287 sójú pátákó. Wọ́n ní kò sọ̀rọ̀ rárá, ó kàn ṣírò ni, èsì sì bára mu, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé Cole ló kọ́kọ́ já Mersenne nírọ́ ń fi ẹ̀tọ́ Lucas dù ú ni.

Bí ẹ bá ní ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ gbé nọ́ńbà Fermat ogún wò: ẹ mú 2²⁰, tó jẹ́ 1,048,576, ẹ kọ 2 sílẹ̀ ní iye ìgbà yẹn, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn, kí ẹ fi 1 kún un. Èsì rẹ̀ gùn tó díjíìtì 315,653. Jeff Young àti Duncan Buell ti fi kọ̀ǹpútà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980 pé kì í ṣe práìmù. Nọ́ńbà tó pín in, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì rí ẹyọ kan.