Ẹ Ṣáà Mánéèjì Ẹ̀

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fẹ́ wọ táàsì láti Ọ̀ffà Gáréèjì lọ sí Post Office. Èèyàn mẹ́rin ti há sẹ́yìn, ọ̀kan ti wà níwájú. Mo ní kí n kúkú dúró de òmíràn ni dírẹ́bà bá fọwọ́ gbá àga: “Alhaji, ẹ wọlé jàre, ẹ ó mánéèjì ẹ̀.” Bí mo ṣe súnmọ́ ọkọ̀, ọlọ́gbọ́n tó jókòó síwájú bọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n kọ́kọ́ wọlé. Àárín ló fi mí sí. Ìdajì ìdí mi wà lórí àga, ìdajì wà lórí irin, jíà ọkọ̀ sì wà láàárín itan mi. Ní gbogbo ìgbà tí dírẹ́bà bá fẹ́ yí jíà, á ní “ẹ jọ̀ọ́ sà”, èmi náà á la ẹsẹ̀ bí ẹni tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Kí a tó dé Post Office, dírẹ́bà yẹn ti mọ̀ mí débi tí mo fi rò pé ó yẹ kó wá tọrọ mi lọ́wọ́ ẹbí mi.

Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀, tí mò ń na ẹsẹ̀, owó gbogbo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Kò sí pé wọ́n mánéèjì ìdajì.

Mo gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford jókòó ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ “run” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe, ìtumọ̀ 645 ni wọ́n rí. Ayé ní háà. Èmi ò ní nǹkan kan, torí Ìlọrin ni mò ń gbé. Kí wọ́n wá bá wa ka ti mánéèjì. Kí wọ́n gbé kàlẹ́ńdà dání, kí wọ́n sì mú oúnjẹ wá, kí wọ́n má baà jẹ èyí tí a ó ní kí wọ́n mánéèjì.

Ẹ wo télọ̀ mi. Oṣù méjì ṣáájú Iléyá ni mo gbé aṣọ kàfùtáànì fún un. Ó wọn apá, ó wọn àyà, ó wọn ọrùn, ó kọ gbogbo rẹ̀ sára ògiri bí ẹni tó ń kọ hàǹtú. Àlẹ́ ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la ni aṣọ jáde. Ọwọ́ aṣọ dúró síbi ìgbúnwọ́, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo ní kí lèyí? Télọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò lórí máṣíìnì. “Ẹ mánéèjì ẹ̀ lọ sí Yídì, tọ́dún bá kọjá ẹ gbé e padà wá.” Báyìí ni mo ṣe kírun ọdún pẹ̀lú ọwọ́ lóde bí ẹni tó fẹ́ fọ abọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọwọ́ sókè fún kábárà, alfa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á wò mí. Kódà, mo rò pé ó ń gbàdúrà fún mi.

Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹni tí wọ́n pa òwe yìí mọ́ dáadáa. Onítọ̀hún wá àdán. Ó ti na ọrùn wo orí igi, ó ti yọjú sínú àjà, wọ́n ti sọ fún un lọ́jà pé ó tán, kó tó fa òòbẹ̀ yọ. Télọ̀ mi ò wá àdán kankan. Láti ọjọ́ tó ti ń wọn apá mi ló ti mọ̀ pé òòbẹ̀ lòun máa rán.

Lọ́dọ̀ lándílọ́ọ̀dù, mánéèjì túmọ̀ sí pé omi ò yọ. Níbi ìnáwó, ó túmọ̀ sí pé ẹran ti tán, àmọ́ egungun ṣì wà. Lẹ́nu ẹni tó jẹ ọ́ lówó, ó túmọ̀ sí pé kí o gba 2,000 nínú 10,000, kí o sì dúpẹ́.

Ní ilé kan tí mo wọ̀ láìpẹ́ yìí, ọmọ wọn obìnrin ti ilé ọkọ dé, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó nu ojú fún un, ó ní, “Mánéèjì ẹ̀, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń mánéèjì bàbá yín náà nìyẹn.” Bàbá yín wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo rí i tí ìlẹ̀kẹ̀ kan dúró láàárín ìka ẹ̀, kò lọ síwájú, kò bọ̀ lẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni wọ́n ti jọ ń gbé.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bí mi nínú jù ni olówó. Ọ̀rẹ́ mi kan pè mí wá wo ilé tuntun tó kọ́. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, wọ́n fi táìsì sí i títí dé ẹnu géètì, ọkọ̀ jíìpù méjì wà níta tí wọ́n kọjú síra bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Ó na ọwọ́ yí ká, ó fẹ̀yìn tì, ó ní, “Ibi tí à ń mánéèjì náà nìyí o.” Pálọ̀ mi lódindi ló máa wọ inú ilé ìdáná rẹ̀, àyè á sì kù fún adìẹ. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ mánéèjì ẹ̀ pẹ́.

Tẹ́lẹ̀, tí èèyàn bá bi ará Ìlọrin pé ṣé dáadáa ni, á ní a dúpẹ́, yóò sì fi orúkọ Ọlọ́run tì í. Báyìí, “à ń mánéèjì ni.” Ẹni tí ebi ń pa sọ ọ́, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Dubai sọ ọ́. O ò ní mọ èyí tó yẹ kí o yá lówó àti èyí tó yẹ kí o yá owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Àwọn ará Ítálì ló ni ín, “maneggiare”, inú rẹ̀ ni ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní “mano”, wà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní ọ̀rúndún 16, ẹṣin ni wọ́n ń lò ó fún: kí èèyàn wà lórí ẹṣin, kí ó di ìjánu mú, kí ẹṣin ṣe bí ó ṣe fẹ́. Ibẹ̀ ni mánéjà ti jáde. Ìdí nìyẹn tí mánéjà báǹkì kì í fi í mánéèjì ohunkóhun. Òun ló gun ẹṣin.

Ìlọrin ni wọ́n wá gbé ọ̀rọ̀ ẹṣin wá bá! Ìlọrin Àfọ̀njá tí kò léégún, tó jẹ́ pé ẹṣin leégún ilé wọn, tí ọ̀kọ̀ jẹ́ orò ibẹ̀. Àwọn tí ẹṣin wọn da ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá láàmú títí tí Ìbàdàn fi dá wọn dúró ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840. Àwa ọmọ wọn la gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣin, a sì lọ dúró sábẹ́ gàárì.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ wo Dọ́bà, ayẹyẹ àwọn ẹlẹ́ṣin, nítòsí ààfin. Ẹṣin kan ta ẹsẹ̀ iwájú sókè, èrò fọ́n ká. Ẹni tó gùn ún kàn fa ìjánu díẹ̀, ó sọ nǹkan sí i létí, ẹṣin sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ kékeré kan tó ń ta píọ̀ wọ́tà pariwo, “Haa, ó mánéèjì ẹ̀!” Mo fẹ́ dì mọ́ ọmọ náà. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ẹnikẹ́ni ò lò ó dáadáa tó bẹ́ẹ̀ létí mi.

Nígbà tí èrò túká, ẹlẹ́ṣin yẹn da ẹṣin wá sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n fún àwọn ní nǹkan tí ẹṣin máa jẹ. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, 200 náírà ló jáde. Ó gbà á, ó yí i wò níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ ọ́:

“Ẹ ṣáà mánéèjì ẹ̀.”

Ẹṣin náà ló kọ́kọ́ yíjú kúrò.