Ẹ Lọ Kí Àwọn Ọ̀rẹ́ Òbí Yín Ní Abúlé Scotland

Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Ìlú Ọba mọ ọ̀nà Dubai dáadáa, ṣùgbọ́n a kò mọ ọ̀nà ilé àwọn tó gba àwọn òbí wa lálejò nígbà tí wọn kò lẹ́ni níbí.

Ìtòsí Aberfeldy, ní Perthshire, ni àwọn tiwa wà. Ẹ̀kọ́ nípa igbó àti igi gẹdú ni bàbá mi kọ́ ní Yunifásítì Aberdeen. Kò sówó ọkọ̀ òfuurufú tó lè fi lọ ṣọdún nílé, ni ọmọ àgbẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń kàwé bá ní kó máa bọ̀ lábúlé àwọn. Bàbá mi ti dolóògbé, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣì wà, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ṣì ń sin àgùntàn. Bàbá àti Màmá ni mò ń pè wọ́n. Ìyá mi kò jẹ́ gbà kí n pe àgbà lórúkọ, ìbáà jẹ́ òyìnbó.

Láti 1965 ni wọ́n ti pa ọ̀nà réluwé Aberfeldy tì, nítorí náà Pitlochry la ti ń sọ̀ nínú réluwé tó ń lọ Inverness, Bàbá á wá fi mọ́tò gbé wa. Ọ̀nà oko wọn kò gba mọ́tò méjì. Ẹnì kan á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìkejì á kọjá, wọ́n á juwọ́ síra wọn. Inú mi máa ń dùn bí àwọn ọmọ mi ṣe ń juwọ́ náà. Ní London tí a ń gbé, ta ní ń kí ta?

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí gan-an ni páálí tí Màmá gbé ka iwájú mi nígbà tí a mu ọbẹ̀ báálì tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Gbogbo lẹ́tà tí bàbá mi kọ sí wọn láti Nàìjíríà ló wà níbẹ̀, lórí bébà búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìgbà yẹn. Nínú ọ̀kan, ó ń ròyìn pé wọ́n ti bí mi, ó ní ìyá òun gan-an ni mo jọ. Nínú òmíràn, ọ̀rọ̀ igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń sọ, bí wọ́n ṣe ń gé igi ìbílẹ̀ tí wọ́n ń fi gmelina, igi àjòjì tó tètè ń dàgbà, rọ́pò rẹ̀, tí oorun kò sì kun òun nítorí rẹ̀. Kò bá wa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí rí nílé. Bàbá tó le la mọ̀ ọ́n sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Fọ́tò kan tún wà: òun rèé, ọ̀dọ́mọkùnrin, nínú kóòtù tó fẹ̀ jù ú lọ, níwájú igi yew inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Fortingall, ọ̀kan nínú àwọn igi tó dàgbà jù lọ ní Ìlú Ọba. Ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín ló fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

WhatsApp kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Àgbà kì í tú ẹrù ọjọ́ pípẹ́ lórí fóònù, ó ní láti rí i pé o jókòó, pé o ò kánjú. A tún máa ń bá Bàbá rìn lórí òkè, torí òfin Scotland ti 2003 gba ẹnikẹ́ni láyè láti fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ onílẹ̀, bí kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Orí òkè tí a bá ń gùn báyìí ni Bàbá ti máa ń sọ̀rọ̀ jù.

Tí ẹ bá máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bí ẹni ń lọ ya fọ́tò. Ẹ bá wọn fọ abọ́, ẹ bá wọn kó igi ìdáná. Oṣù kẹrin la fẹ́ lọ lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí àgùntàn ń bímọ, torí ìgbà yẹn ni wọ́n nílò ọwọ́ jù. Àbúrò mi tó wà ní Houston ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Òun ò tíì ka àwọn lẹ́tà náà rí.